Ta Ló Ń Pe Màmá Nínú Ẹ̀rọ Náà?

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí ẹ̀rọ sọ pé ọmọ ọmọ mi jókòó níwájú olùkọ́ rẹ̀, tó ń kọ́ bí a ṣe ń sọ̀rọ̀, ibà ló dá a dúbúlẹ̀ sórí itan mi. Láti ìdájí ni mo ti ń fi aṣọ tútù nu iwájú orí rẹ̀. Fóònù mi dún. Ilé ìwé ló fi iṣẹ́ ránṣẹ́, bí wọ́n ti máa ń ṣe: "A ti kọ́ ọmọ yín ní ẹ̀kọ́ àkànṣe tòní. Ó ṣe dáadáa." Àmì aláwọ̀ ewé kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀ náà.

Mo wo fóònù. Mo wo ọmọ. Ọmọ náà ṣì wà lórí itan mi.

Lọ́sàn-án ni iṣẹ́ kejì wọlé. Wọ́n kí mi kú oríire. Wọ́n ní ọmọ náà ti já fáfá débi pé kò nílò olùkọ́ ọ̀rọ̀ mọ́. Tó bá di ọjọ́ Ẹtì, wọ́n á yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú ẹ̀kọ́ àkànṣe, á sì bọ́ sí kíláàsì ńlá láàárín àwọn ọmọ yòókù. Wọ́n ní ó ti ń pe ìyá rẹ̀ ketekete.

Ọmọ yìí kò tíì sọ ọ̀rọ̀ kan rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i. Bàbá Kékeré ni mò ń pè é, nítorí bí ó ṣe máa ń ká ọwọ́ sẹ́yìn rìn bí ẹni tó ní ilé láti yá èèyàn. Kò lè sọ pé inú ń run òun. Bí wọ́n bá lù ú, kò lè sọ ẹni tó lù ú. Inú kíláàsì ńlá, níbi tí àwọn ọmọ fún mọ́ ara wọn bí ìdì igi, ni wọ́n fẹ́ jù ú sí láìsí olùrànlọ́wọ́. Èmi náà kò sì ní wà láyé títí.

Nígbà tí ara rẹ̀ tutù lọ́jọ́ kejì, mo fà á lọ́wọ́ lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá.

"Bàbá, kí ni wọ́n jí?" Ọlọ́pàá tó wà nídìí tábìlì ló béèrè.

"Ẹ̀kọ́ ọmọ ọmọ mi."

"Ṣé ìwé rẹ̀ ni, àbí àpò ìwé?"

"Mo ní ẹ̀kọ́. Ẹnìkan ń gbà á lórúkọ rẹ̀."

Ó yíjú sí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. "Ẹ wá gbọ́ o! Olè tuntun ti dé ìgboro. Inú orí ni àwọn yìí ti ń jalè."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Obìnrin kan láàárín wọn kò rẹ́rìn-ín. Ó kúrú, ó ti ń sún mọ́ ìfẹ̀yìntì, ó fi okùn so awò ojú rẹ̀ mọ́ ọrùn. Sájẹ́ǹtì ni gbogbo wọn ń pè é.

"Ẹ jẹ́ kí n wo fóònù yẹn, ẹ̀gbọ́n." Ó kà á, ó tún un kà. "Ìyá ọmọ ńkọ́?"

"Ó ti kú. Ọ̀sẹ̀ tó bí i náà ló lọ."

"Ọmọ yín ni ìyá rẹ̀?"

"Òun nìkan ni mo bí."

Kò kí mi ní pẹ̀lẹ́. Mo dúpẹ́ nínú ara mi pé kò kí mi. Ó kàn mú báàgì rẹ̀, ó ní, "Ó yá, ẹ jẹ́ ká lọ gbọ́ ẹni tó ń pe òkú."

*

Ojú ẹ̀rọ gbàràmù kan wà lára ògiri ọ́fíìsì ọ̀gá ilé ìwé. Nọ́ńbà àwọn ọmọ tò sí i lára láti òkè dé ìsàlẹ̀, àwọ̀ ewé sì kún ẹ̀gbẹ́ wọn bí oko tó rí òjò.

"Ẹ wò ó, Sájẹ́ǹtì," ni ọ̀gá wí. "Kò sí pupa kankan nílé ìwé tèmi. Ọmọ kọ̀ọ̀kan ló ní ẹ̀gbà ọwọ́ tirẹ̀. Bí olùkọ́ bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, wọ́n á fi ẹ̀gbà náà kan tábúlẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Bí wọ́n bá parí, wọ́n á tún fi kàn án. Bí kò bá kàn án, pupa ló máa yọ, ọ́fíìsì gbogbo ilé ìwé ìlú yìí á sì rí i lójú ẹsẹ̀. Kò sí àyè fún màgòmágó."

"Ọmọ yìí kò wá sílé ìwé lánàá," ni mo sọ.

"Bóyá ẹ ṣi ọjọ́ kà ni, Bàbá. Ẹ má bínú, àgbà a máa gbàgbé."

"N kì í gbàgbé ohun tó bá gbóná lórí itan mi."

Ó mí kanlẹ̀, ó tẹ nǹkan kan. "Ẹ gbọ́ fúnra yín. Tàná ni èyí."

Ohùn obìnrin kan kọ́kọ́ jáde. Ó ní, "Ta ló mú ẹ wá sílé ìwé lónìí, Ọ̀rẹ́?" Ohùn kékeré kan wá dáhùn, ó rọra ń tẹ ọ̀rọ̀ náà bí ẹni ń tẹ ilẹ̀ tó ń yọ̀: "Mà… má." Obìnrin náà pàtẹ́wọ́. "O ṣeun! Tún un pè!" "Màmá!"

Ọ̀gá yíjú sí mi. "Ṣé ohùn rẹ̀ kọ́ nìyẹn?"

Mo na etí sí ẹ̀rọ náà bí ẹni pé ó máa tún sọ̀rọ̀.

"Bàbá, ohùn ọmọ yín lẹ kò dá mọ̀?"

"Ẹkún rẹ̀ ni mo mọ̀," ni mo wí. "N kò gbọ́ ohùn rẹ̀ rí."

Mo wo Bàbá Kékeré. Ó ti wọ abẹ́ tábìlì, ó ń yí táyà àga ọ̀gá ní yíyí. Ó ṣe mí bíi kó jẹ́ òun. Bí ọmọ náà bá ń lọ sọ̀rọ̀ níbòmíràn tó sì ń fi ìdákẹ́ pàdé mi nílé, n bá gbà bẹ́ẹ̀. N bá lọ máa fetí sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn.

"Olùkọ́ rẹ̀ sọ pé àárò ìyá rẹ̀ ló ń sọ ọ́," ni ọ̀gá wí, ó sì rọ ohùn rẹ̀. "Ọmọ aláìníyàá a máa rò pé ìyá òun ló mú òun wá."

*

Lábẹ́ igi tó wà lẹ́nu géètì, Sájẹ́ǹtì jókòó sórí búlọ́ọ̀kù kan, ó nu awò ojú rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ta ni wọ́n ń pè ní Màmá nílé yín?"

"Kò sẹ́nìkan."

"Ẹ kì í fi àwòrán rẹ̀ hàn án?"

"Àwọn àwòrán kan wà lórí fóònù tó fi ń tọ́ka sí ohun tó bá fẹ́. Omi, oúnjẹ, oorun, ilé ìgbẹ́. Ti ìyá wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Mo yọ ọ́."

"Kí ló dé?"

"Kò sí ẹni tó máa fi tọ́ka sí."

Ó fi awò rẹ̀ sójú. "Àárò ohun tí èèyàn kò mọ̀ kì í sọ èèyàn. Ẹ tún wo ti ohùn yẹn. Kò dún létí mi bí ohùn ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀. Inú rẹ̀ dùn ni. Wọ́n bi í pé ta ló mú un wá, ó sì dáhùn. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ mú wá láàárọ̀ ọjọ́ yẹn ló ń sọ̀rọ̀."

Nǹkan kan tí mo ti ń gbé ró nínú mi láti ọ́fíìsì yẹn wó lulẹ̀.

"Olùkọ́ yẹn ló ń purọ́ nígbà náà," ni mo wí. "Ilé ìwé dé ilé ìwé ló ń lọ. Ó ti kó ohùn ọmọ ilé ìwé mìíràn wá síbí. Kò dé ibí rárá."

Sájẹ́ǹtì pe ẹ̀ṣọ́ géètì. Ọkùnrin náà kò tilẹ̀ rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

"Ha, ó wá! Èmi ni mo ṣí géètì fún un. Abẹ́ igi yìí náà ló gbé alùpùpù rẹ̀ sí. Ó ní irun orí mi ti kó ẹrù, pé ṣé wọn kò sanwó ilé ni. Ẹ wo obìnrin yẹn!"

"Ó lè wá kó má kọ́ ẹnikẹ́ni," ni mo wí, ṣùgbọ́n èmi fúnra mi gbọ́ pé ọ̀rọ̀ náà kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

"Ẹ mú ọmọ náà wá lọ́la," ni Sájẹ́ǹtì wí. "Ká jókòó síbí. Tí obìnrin náà bá dé, ẹ má sọ nǹkan kan. Ẹ jẹ́ kó kí yín."

*

N kò sùn dáadáa. Ọ̀la ni Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ Ẹtì sì wà lẹ́yìn rẹ̀.

Alùpùpù náà dé nígbà tí oòrùn ń gun orí ògiri. Obìnrin tó wà lórí rẹ̀ ṣí akoto, ó gbé báàgì kọ́ èjìká. Ó rí wa, ó rẹ́rìn-ín, ó kúnlẹ̀ díẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, sà. Ẹ káàárọ̀, mà." Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ síwájú Bàbá Kékeré. "Ta nìyí? Ó mà gún régé o! Ọmọ tuntun ni, sà? Ṣé ẹ ti gba nọ́ńbà fún un?"

Ọwọ́ Sájẹ́ǹtì di ọrùn ọwọ́ mi mú. N kò sọ̀rọ̀, bí ó ti wí.

"Ọlọ́pàá ni mí, àbúrò," ni Sájẹ́ǹtì wí, ó fi káàdì rẹ̀ hàn án. "Ọmọ tẹ ń kọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà yìí nìyí. Òun lẹ ní ó ń pe ìyá rẹ̀."

Ojú obìnrin náà yí padà. Ó wo ọmọ náà. Ó wò mí. "Rárá," ni ó wí. "Rárá, mà. Ọmọ tí mò ń pè ní Ọ̀rẹ́ kọ́ nìyí. Ọ̀rẹ́ ní àpá kékeré lágbọ̀n." Ó fọwọ́ bo ẹnu. "Ta wá ni mò ń kọ́?"

Sájẹ́ǹtì rọra dá mi lóhùn, bí ẹni pé èmi ló béèrè. "Ẹ rí i, ẹ̀gbọ́n? Tó bá jẹ́ òun ló ń purọ́, ojú ọmọ yìí ni ì bá kọ́kọ́ há sórí. Òpùrọ́ kì í gbàgbé ẹni tó pa irọ́ mọ́." Ó yíjú sí olùkọ́. "Ṣé àwòrán wọn kò sí lójú ẹ̀rọ yín?"

"Wọ́n yọ ọ́, mà. Wọ́n ní kí àṣírí àwọn ọmọ má baà tú síta. Nọ́ńbà nìkan ló kù. Ẹni tí wọ́n bá mú wá tòun ti ẹ̀gbà rẹ̀ ni mò ń kọ́."

"Ta ló ń mú wọn wá?"

"Àǹtí. Olùrànlọ́wọ́ kíláàsì."

*

Ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn kíláàsì náà ni àwọn ẹ̀gbà ọwọ́ so kọ́ sí, lórí ìṣó. Kò sí ọ̀kan lọ́wọ́ ọmọ kankan.

Àǹtí jẹ́ obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ tó máa ń gbá Bàbá Kékeré mọ́ra ní gbogbo àárọ̀ tí mo bá mú un wá. Mo ti máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Kí ló dé tí ẹ̀gbà fi wà lára ògiri?" ni Sájẹ́ǹtì béèrè.

"Wọ́n máa ń jẹ ẹ́ ni, mà. Wọ́n máa ń jù ú sínú ṣáláńgá. Ọwọ́ mi ló bọ́ sí kí n tọ́jú wọn."

"Ó dára. Ẹ mú ti ọmọ yìí, kí ẹ mú un lọ bá olùkọ́ rẹ̀."

Àǹtí na ọwọ́ sí ìṣó, ọwọ́ náà dúró lókè. Ó wo olùkọ́ ọ̀rọ̀ tó dúró lẹ́yìn wa. Ó mú ẹ̀gbà náà, ó di ọmọ lọ́wọ́ mú, gbogbo wa sì tẹ̀ lé e wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Bàbá Kékeré ká ọwọ́ kejì sẹ́yìn, ó ń lọ bí onílé. Nígbà tí a dé ìdajì, ẹ̀rọ tó ń fa omi lọ sórí òrùlé bẹ̀rẹ̀ sí í kùn lẹ́yìn ògiri. Ọmọ náà ṣubú lulẹ̀ bí ẹni tí wọ́n gé lẹ́sẹ̀. Ó di etí, ó ké, ó gbé ọwọ́ ara rẹ̀ sẹ́nu, ó sì ń jẹ ẹ́. Ẹkún tí mo mọ̀ nìyẹn. Mo gbé e padà sẹ́yìn, mo fi àyà mi bo etí rẹ̀.

Àǹtí ti ń sunkún kí a tó bi í ní nǹkan.

"Bó ṣe ṣe lọ́jọ́ àkọ́kọ́ nìyẹn. Olùkọ́ ń dúró, àkókò ń lọ. Ọ̀gá sì ti sọ pé ẹni tó bá jẹ́ kí òun rí pupa, kó máa kó ẹrù rẹ̀. Mo wẹ̀yìn, mo rí ọmọ aránṣọ kan, nínú kíláàsì wa níbí, tó jókòó jẹ́ẹ́. Òun náà kì í sọ̀rọ̀. Ó ti pẹ́ tí ìyá rẹ̀ ti ń dúró kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò kó lè wọ ẹ̀kọ́ àkànṣe, wọn kò dá a lóhùn. Mo ní ẹ̀ẹ̀kan péré."

"Lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀kan ńkọ́?"

"Ó sọ̀rọ̀, Sájẹ́ǹtì!" Ó pariwo rẹ̀. "Ọmọ yẹn sọ̀rọ̀! Ta ló máa wá sọ fún un pé kó dákẹ́?"

"Nígbà tí òun ń sọ̀rọ̀," ni mo bi í, "ibo ni tèmi wà?"

Ó wo ilẹ̀. "Ní kọ̀rọ̀, Bàbá. Ó máa ń yí táyà ọkọ̀ ìṣeré."

"Láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà?"

Ó kúnlẹ̀. N kò ní kó dìde.

Ibẹ̀ la wà tí aránṣọ náà fi wọlé, òwú ṣì lẹ̀ mọ́ aṣọ rẹ̀, ó di ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ mú. Àpá kékeré wà lágbọ̀n ọmọ náà. Ó rí olùkọ́ ọ̀rọ̀, ó já ọwọ́ gbà, ó sáré.

"Màmá!" ni ó kígbe fún olùkọ́, ó ń tọ́ka sí ẹ̀yìn. "Màmá… bàtà!"

Ohùn inú ẹ̀rọ náà gan-an ni.

"Ẹ gbọ́ ọ, àbí?" Ayọ̀ ń bú jáde lójú aránṣọ. "Bàtà tuntun ni mo rà fún un, kò jẹ́ ká sinmi nílé! Àǹtí, Ọlọ́run á san án fún yín o." Ìgbà yẹn ló rí Àǹtí lórí eékún. Ó rí káàdì ọlọ́pàá. Ẹ̀rín náà kú díẹ̀díẹ̀.

*

Ọ̀gá ilé ìwé ti dé. Sájẹ́ǹtì ro gbogbo rẹ̀ fún un ní ọ̀rọ̀ díẹ̀. Ọ̀gá fi ọwọ́ ti ògiri.

"Ọ̀nà kan ṣoṣo ló wà," ni ó wí nígbẹ̀yìn. "A ó ní kí ọ́fíìsì pa gbogbo ẹ̀kọ́ yẹn rẹ́, pé ayédèrú ni. Ọmọ Bàbá á padà sáyè rẹ̀. Àǹtí á lọ. Ọmọ kejì yìí á padà sẹ́yìn ìlà, kó máa dúró de ìgbà tí wọ́n á yẹ̀ ẹ́ wò. Bí a kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, lọ́la ni wọ́n máa yọ ọmọ Bàbá. Ẹ̀rọ kò mọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ."

"Ẹ̀gbọ́n," ni Sájẹ́ǹtì wí, "ẹ̀yin lẹ fẹjọ́ sùn. Bí ẹ bá ní kí n mú obìnrin yìí lọ, n ó mú un lọ."

Gbogbo wọn wò mí. Mo fẹ́ sọ pé kó mú un. Ọ̀rọ̀ náà ti dé ètè mi. Ojú mi ló lọ sọ́dọ̀ aránṣọ. Ó ti fa ọmọ rẹ̀ mọ́ra, ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo ẹnu ọmọ náà, bí ẹni pé a fẹ́ gba ọ̀rọ̀ ibẹ̀ padà.

"Ayédèrú kọ́ ni," ni mo wí. "Ọmọ yẹn kọ́ ohun tó kọ́. Ẹ kọ ọ́ sí orúkọ rẹ̀. Ẹ sì kọ ọ́ síwájú nọ́ńbà tèmi pé ẹnikẹ́ni kò tíì kọ́ ọ."

"Bàbá! Pupa ni gbogbo rẹ̀ máa jẹ́, láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà!"

"Ẹ jẹ́ kó pupa."

"Ọ́fíìsì á bi mí."

"Kí wọ́n bi yín."

Sájẹ́ǹtì yọ awò ojú. "Ọ̀gá, ṣé wọ́n lè yọ ọmọ tí wọn kò tíì kọ́?"

"Wọn kò lè yọ ọ́," ni ọ̀gá gbà níkẹyìn. "Gbèsè ẹ̀kọ́ rẹ̀ ló máa wà lọ́rùn wọn. Ṣùgbọ́n ọmọ kejì—"

"Ti ọmọ kejì, èmi ni mo máa gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ dé ọ́fíìsì fúnra mi lónìí. Ọmọ tó ti ń sọ̀rọ̀, kí wọ́n wá lójú ọlọ́pàá kí wọ́n ní kó dákẹ́. Mo fẹ́ rí i." Ó tún yíjú sí mi. "Àǹtí ńkọ́?"

"Mi ò fẹ́ rí i," ni mo wí. "Ṣùgbọ́n ẹ má mú un."

N kò dárí jì í. N kò tíì dárí jì í títí di òní.

Olùkọ́ ọ̀rọ̀ kò dúró gbọ́ èyí. Ó ti lọ sínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó bọ́ bàtà, ó jókòó sílẹ̀ lórí símẹ́ńtì, kí ó tó dé ibi tí Bàbá Kékeré ti bẹ̀rẹ̀ sí í ké, ó fi ẹ̀yìn ti ògiri. Kò pe ẹnikẹ́ni. Ó kàn tẹ́ àwọn àwòrán sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀, ó ń wo òdìkejì.

Bàbá Kékeré jáde kúrò lábẹ́ apá mi. Ó ká ọwọ́ sẹ́yìn. Ó lọ díẹ̀, ó dúró, ó fetí sí ògiri. Ẹ̀rọ omi ti dákẹ́, ṣùgbọ́n a kò mọ ìgbà tó máa tún kùn. Mo gbé ẹsẹ̀ láti tẹ̀ lé e. Sájẹ́ǹtì dì mí láṣọ mú.

Ó tún lọ díẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, kò sún mọ́ obìnrin náà púpọ̀.

"Sájẹ́ǹtì," ni mo wí, "ṣé ó máa lè sọ̀rọ̀?"

"Mi ò mọ̀, ẹ̀gbọ́n."

Ilé ìwòsàn ti sọ fún mi tipẹ́ pé kò ní sọ̀rọ̀ láéláé. Ẹ̀rọ sì sọ fún mi pé ó ti ń sọ̀rọ̀. Ẹni àkọ́kọ́ nìyí tó sọ pé òun kò mọ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì jókòó sílẹ̀ láti dúró.